Prínítà Ilé fún Fọ́tò àti Ìwé Ojoojúmọ́: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Wá Lemọ́lemọ́

Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí n ra prínítà sílé, àbí kí n máa lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ ń tẹ nǹkan jáde tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì, ìwé NIN lónìí, ìwé JAMB nígbà míì, ẹ má ra nǹkan kan, ẹ máa lọ bá àwọn tó wà ládùúgbò, torí prínítà tí wọn ò lò máa ń tètè bàjẹ́ ju èyí tí wọ́n ń lò lọ.

Àmọ́ tí ọmọ iléèwé bá wà nílé, tí wọ́n ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ sórí fóònù pé kẹ́ ẹ lọ tẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ tún ń kọ lẹ́tà, tẹ́ ẹ ń ṣe ètò ìsìn tàbí ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, ó ti tó rà nìyẹn. Ìdí míì tún wà táwọn èèyàn kì í rò, òun ni àṣírí. Ìwé báńkì yín, ìwé ìdánimọ̀, èsì àyẹ̀wò ọsibítù, gbogbo ẹ̀ lè wà lórí kọ̀ǹpútà bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti lọ, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn yín sì lè ṣí i.

Irú prínítà wo ló wà fún ilé?

Mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́ ni inkjet (ẹ̀rọ tó ń tu íǹkì olómi sórí bébà) oní kátíríìjì, ìyẹn àpótí íǹkì kékeré tí wọ́n ń rọ́pò, èyí tó wọ́pọ̀ jù, tó sì máa ń dín owó jù lórí káńtà. Ìkejì ni inkjet oní táǹkì, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, àmọ́ inú ìgò lẹ ti ń da íǹkì sínú ẹ̀: Epson EcoTank, Canon PIXMA G, HP Smart Tank, àti Brother DCP-T wà nínú ẹbí yìí.

Ìkẹta ni lésà. Kò ní íǹkì olómi rárá, lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń pè ní tónà ló ń lò, ooru ló sì fi ń yọ́ ọ mọ́ bébà. Ìkẹrin ni àwọn kékeré tó jẹ́ pé fọ́tò nìkan ni wọ́n ń tẹ̀, bíi Canon SELPHY, ọ̀rọ̀ tiwọn ṣì ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Mi ò ráyè ka gbogbo ẹ̀. Èwo ni kí n rà?

Ilé tó ní ọmọ, tó ń tẹ ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó tún fẹ́ fọ́tò díẹ̀díẹ̀: oní táǹkì aláwọ̀ mẹ́rin, tó ní skánà àti Wi-Fi. Ilé tó jẹ́ pé ìwé dúdú lásán ló ń tẹ̀, tó lè lo oṣù kan kó má tẹ nǹkan kan, tí iná ibẹ̀ sì dáa: lésà aláwọ̀ dúdú. Ẹni tó jẹ́ fọ́tò lọ́kàn ẹ̀: táǹkì aláwọ̀ mẹ́fà.

Oní kátíríìjì nìkan ni mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti rà, àfi tí ẹnì kan bá fi ta yín lọ́rẹ.

Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kórìíra oní kátíríìjì, ṣebí òun ló dín owó jù?

Owó ẹ̀rọ ló dín, owó íǹkì ò dín. Ẹ wo nọ́ńbà tí àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn kọ. Kátíríìjì HP 305 dúdú, irú tí DeskJet 2320 àti 2720 ń lò, nǹkan bí ojú ìwé 120 ló ń tẹ̀, aláwọ̀ tiẹ̀ nǹkan bí 100. Ìgò íǹkì Epson 103 dúdú, tí kò ju mílílítà 65 lọ, nǹkan bí ojú ìwé 4,500 ni wọ́n kọ sí i, ìgò aláwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tókù papọ̀ jẹ́ 7,500. Ẹ gbé méjèèjì síra wọn kẹ́ ẹ wò ó.

Ọmọ kan ṣoṣo tó ń tẹ ojú ìwé mẹ́ta lójúmọ́ fún iléèwé máa jẹ kátíríìjì dúdú yẹn tán láàárín ogójì ọjọ́. Àwọn tó ń tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀, orí íǹkì ni èrè wọn wà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi lè rẹlẹ̀ tó yẹn. Kátíríìjì tó bá inú páálí wá gan-an kì í sábà kún tó èyí tẹ́ ẹ máa wá fowó rà lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun rere kan wà tó yẹ ká sọ nípa ẹ̀ ṣá. Nínú ọ̀pọ̀ kátíríìjì HP àti Canon kékeré, orí tó ń tu íǹkì jáde ara kátíríìjì ló wà, tó bá gbẹ tàbí tó dí, ẹ rọ́pò kátíríìjì, orí tuntun lẹ ní yẹn. Oní táǹkì ò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹ̀yà, lára Epson orí yẹn wà lára ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, tó bá bàjẹ́ pátápátá, owó ńlá ni.

Báwo ni mo ṣe máa ṣírò iye tí ojú ìwé kan ń ná mi?

Ẹ fi iye ojú ìwé tí wọ́n kọ sára íǹkì pín owó íǹkì náà, kẹ́ ẹ fi owó bébà kan kún un, rímù kan sì jẹ́ bébà 500. Ká ní ìgò dúdú kan jẹ́ 9,000 náírà tó ń tẹ 4,500, náírà méjì ni íǹkì ojú ìwé kan. Ká ní kátíríìjì jẹ́ 12,000 tó ń tẹ 120, ọgọ́rùn-ún náírà ni. Iye tí mo fi ṣírò lásán nìyẹn o, ẹ fi iye tí wọ́n bá pè fún yín lọ́jà rọ́pò, torí owó íǹkì ń yí bí dọ́là bá ṣe ń yí.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìwé tí ọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀, tí funfun pọ̀ lórí ẹ̀, ni wọ́n fi wọn 4,500 yẹn. Fọ́tò tó kún bébà láti etí dé etí máa ń mu íǹkì lọ́pọ̀ ìlọ́po, nítorí náà ẹ má fi nọ́ńbà yẹn ṣírò àwòrán ìgbéyàwó.

Ṣé prínítà kan ṣoṣo lè ṣe ìwé àti fọ́tò dáadáa?

Ó lè ṣe é, àmọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì ló máa mọ̀ ọ́n ṣe jù. Aláwọ̀ mẹ́rin (dúdú, búlúù, pupa àti yẹ́lò) máa fún yín ní fọ́tò tó ṣeé lẹ̀ mọ́ ìwé, tó ṣeé fi sínú álíbọ́ọ̀mù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá súnmọ́ ọn dáadáa, ẹ máa rí àwọn àmì tín-tìn-tín níbi tí ìmọ́lẹ̀ gbé bà lé iwájú orí tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Aláwọ̀ mẹ́fà fi búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ àti pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kún un, bíi Epson L805 àti L8050, ibi tí ara gbé ń dán máa wá jọ̀lọ̀. Canon náà ní aláwọ̀ mẹ́fà nínú PIXMA G, àmọ́ pupa gidi àti eérú ni wọ́n fi kún tiwọn.

Ohun kan tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ: àwọn oní táǹkì kan wà tí dúdú wọn jẹ́ pigment (íǹkì tí àwọ̀ ẹ̀ jẹ́ lẹ́búlẹ́bú), ó dáa gan-an fún lẹ́tà, àmọ́ kì í dúró lórí bébà tó ń dán. Tẹ́ ẹ bá wá fi bébà fọ́tò sí i, ẹ̀rọ máa pa dúdú yẹn tì, á po àwọ̀ mẹ́ta yòókù pọ̀ láti fi ṣe dúdú, ìdí nìyẹn tí irun orí àti kóòtù dúdú fi máa ń jọ búráùn nínú fọ́tò. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Bébà wo ni kí n lò?

Fún ìwé, 80 gsm (gsm ni wọ́n fi ń wọn bí bébà ṣe wúwo tó) tó wà níbi gbogbo ti tó, 70 gsm náà ń ṣiṣẹ́ àmọ́ íǹkì máa ń yọ sí ẹ̀yìn, kò dáa fún ojú méjèèjì. Fún fọ́tò, láti 200 gsm lọ sókè. Èyí tó ń dán ló máa ń mú àwọ̀ yọ jù, èyí tí kò dán ò ní máa gba àmì ìka, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi sínú férémù onígíláàsì, ẹ mú èyí tí kò dán torí gíláàsì fúnra ẹ̀ ti ń dán.

Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ bébà fọ́tò ń gba íǹkì. Ẹ fi ìka tó lómi díẹ̀ kan igun ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ díẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ tó ń gba íǹkì.

Ẹ JỌ̀Ọ́, ẹ má fi bébà fọ́tò inkjet sínú lésà. Ibi tí lésà ti ń yọ́ tónà máa ń gbóná tó nǹkan bí 200 lórí ìwọ̀n Celsius, ọ̀rá tó wà lára bébà yẹn máa yọ́ mọ́ inú ẹ̀rọ, ẹ lè pàdánù gbogbo ẹ̀.

Kí ló dé tí fọ́tò mi fi ń dúdú ju bó ṣe wà lórí fóònù lọ, tí ojú èèyàn wá ń jọ eérú?

Ìbéèrè yìí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀, torí àwọ̀ ara wa ni prínítà kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ojú fóònù ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀, bébà kì í tan, ìmọ́lẹ̀ yàrá ló ń gbé e. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fa ìmọ́lẹ̀ fóònù wálẹ̀ dé ìdajì, ẹ wá wo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bẹ́ ẹ ṣe rí i báyìí ló máa rí lórí bébà. Tó bá ti ṣú, ẹ tan ibi tó ṣókùnkùn nìkan nínú áàpù fọ́tò, èyí tí wọ́n ń kọ shadows sí, ẹ má tan gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, torí tẹ́ ẹ bá tan gbogbo ẹ̀, léèsì funfun àti gèlè fàdákà máa parẹ́ di funfun pẹlẹbẹ, ẹ ò ní rí iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ irú bébà tó wà nínú ẹ̀rọ fún un. Tẹ́ ẹ bá fi bébà tó ń dán sí i, tí sẹ́tíǹgì ṣì wà lórí Plain Paper (bébà lásán), ẹ̀rọ ò ní mọ ìwọ̀n íǹkì tó yẹ kó tú, àwọ̀ á kú. Ohun tó ń ba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fọ́tò tí mo ń rí jẹ́ nìyẹn. Ẹ tún pa gbogbo ohun tó bá ń jẹ́ enhance tàbí fix photo, torí nígbà tó bá ń fẹ́ tún ojú ṣe, ńṣe ló máa ń fa àwọ̀ ara kúrò níbi tó wà.

Tí ojú bá wá ní àwọ̀ àjèjì, ẹ wo àwọ̀ náà, òun ló máa sọ ibi tó ti bàjẹ́. Tó bá ń jọ ewé, pupa ni kò jáde. Tó bá ti pọ́n jù, búlúù ni kò jáde. Tó bá ń jọ búlúù tàbí àlùkò, yẹ́lò ni. Ẹ ṣe nozzle check, ìyẹn ojú ìwé ìlà-ìlà tí ẹ̀rọ fi ń yẹ orí ẹ̀ wò, ẹ máa rí ìlà tó já. Ẹ sì máa fi bébà kékeré, 4 ínǹṣì sí 6, dán an wò kẹ́ ẹ tó fi A4 ṣòfò.

Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ò mọ́lẹ̀ tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Ṣé prínítà ni?

Kì í ṣe prínítà. WhatsApp ti fún fọ́tò náà pọ̀ kó lè rìn kíákíá. Kí fọ́tò 4 ínǹṣì sí 6 tó mọ́ dáadáa, ó yẹ kó ní nǹkan bí píksẹ́ẹ̀lì 1,200 sí 1,800, A4 sì yẹ kó ní nǹkan bí 2,480 sí 3,508. Ẹ ní kí ẹni tó ya fọ́tò náà fi ránṣẹ́ bíi document, kò ní fún un pọ̀. Èyí tó ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ti ti ọwọ́ èèyàn mẹ́wàá kọjá, kò sí prínítà tó lè dá a padà.

Ṣé mo lè fi tẹ pásípọ́ọ̀tù?

Dáadáa. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni mílímítà 35 sí 45, mẹ́jọ ẹ̀ máa ń wọ orí bébà 4 ínǹṣì sí 6 kan. Ti físà Amẹ́ríkà jẹ́ ínǹṣì 2 sí 2, ẹ má to ju mẹ́rin lọ sórí bébà yẹn kẹ́ ẹ lè ráyè gé e.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni sẹ́tíǹgì. Fit to page máa fẹ̀ ẹ́ tàbí kó fún un, borderless náà máa ń fẹ àwòrán díẹ̀ kó lè bo etí bébà, pásípọ́ọ̀tù yín á ti ju ìwọ̀n lọ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ yan Actual size tàbí 100%, kẹ́ ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó gé e.

Ṣé I-better-pass-my-neighbour tàbí ínfátà kékeré lè gbé e?

Inkjet, bẹ́ẹ̀ ni, kò tiẹ̀ wúwo rárá. Epson L3250, bí àpẹẹrẹ, nǹkan bí wáàtì 14 ló ń lò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, gílóòbù LED kan tàbí méjì nìyẹn. Sólà kékeré máa gbé e láìmí.

Lésà lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó bá ń gbóná, ó máa ń fa ọgọ́rọ̀ọ̀rún wáàtì lẹ́ẹ̀kan náà, jẹnẹrétọ̀ kékeré á ké, iná ilé á ṣẹ́jú, ínfátà tí kò tó á kú. Ẹ wo iye wáàtì tó wà lára ẹ̀rọ náà kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ má sì so lésà mọ́ UPS kékeré tó wà fún kọ̀ǹpútà.

Tí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí inkjet ń tẹ̀wé, orí ẹ̀ máa dúró sáàárín ọ̀nà láìní ìdérí, íǹkì ẹnu ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Bí iná bá ti dé, ẹ tàn án kí orí náà lè padà sílé ẹ̀. Ojoojúmọ́ náà, bọ́tìnì ara ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi pa á, ẹ má kàn yọ ọ́ lára ògiri.

Tí mi ò bá tẹ nǹkan lójoojúmọ́, ṣé íǹkì ò ní gbẹ?

Ó máa gbẹ tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ tí eruku sì pọ̀. Ẹ máa tẹ ojú ìwé kan tó ní gbogbo àwọ̀ lára lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ dá ọjọ́ kan fún un. Ẹ máa fi aṣọ bò ó, yálà nítorí eruku tàbí nítorí aáyán, aáyán fẹ́ràn inú prínítà torí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Tí ìlà bá ti ń já, ẹ ṣe nozzle check, kẹ́ ẹ wá ṣe head cleaning, kí ẹ̀rọ fọ orí tó ń tu íǹkì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ti tó. Tí kò bá yí padà, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 12 ó kéré tán kẹ́ ẹ tó tún gbìyànjú, Epson gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé wọn, torí íǹkì tó ti gbẹ máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra ń da íǹkì nù ni, ibi tí íǹkì yẹn sì ń lọ máa dá wàhálà míì sílẹ̀, ẹ máa kà á nísàlẹ̀.

Ṣé ó pọn dandan kó ní skánà, ADF àti ojú méjèèjì?

Skánà, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa lò ó ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. ADF tó ń fa bébà wọlé fúnra ẹ̀, kò pọn dandan fún ilé. Títẹ ojú méjèèjì fúnra ẹ̀ dáa, àmọ́ ẹ lè fi ọwọ́ yí bébà padà.

Ṣé mo lè tẹ̀wé láti fóònù láìsí dátà?

Ẹ lè ṣe é. Wi-Fi kì í ṣe dátà. Ẹ̀rọ tó bá ní Wi-Fi Direct, fóònù yín máa bá a sọ̀rọ̀ tààrà, láìsí ráútà, láìsí MiFi. Ẹ ṣọ́ra nígbà tẹ́ ẹ bá ń rà á ṣá, torí àwọn tó jọra wà: L3210 kò ní Wi-Fi, wáyà nìkan ló ń lò, L3250 ló ní in, ojú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ.

Tí fóònù ò bá rí i, ẹ wo ráútà yín. Ọ̀pọ̀ prínítà ilé 2.4 GHz nìkan ni wọ́n ń gbọ́, tí ráútà bá wà lórí 5 GHz nìkan, wọn ò ní pàdé láéláé.

Íǹkì òrìjínà àbí èyí tó dín owó?

Fún ìwé lásán, íǹkì ilé iṣẹ́ míì tó bá dáa lè ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Fún fọ́tò, ẹ má ṣe é. Àwọ̀ ò ní bá sẹ́tíǹgì ẹ̀rọ mu, ó sì tètè máa ń ṣá lára ògiri. Fọ́tò ìyá yín tí wọ́n ti lọ, ẹ ò ní fẹ́ kó ṣá.

Ìgò tí ìdérí ẹ̀ ti já, ẹ má gbà á, ibi yòówù tí wọ́n ti ń tà á, Otigba ní Ìkẹjà o, Mókọ́lá n'Íbàdàn o. Ẹ má po méjì pọ̀ nínú táǹkì kan. Íǹkì sublimation tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára ife àti aṣọ, ẹ̀rọ tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni, tó bá ti wọnú ẹ̀rọ ìwé yín, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí íǹkì lọ sílẹ̀ kọjá ìlà ìsàlẹ̀ táǹkì, afẹ́fẹ́ máa wọnú páìpù, lílé e jáde máa mu íǹkì ju èyí tẹ́ ẹ fẹ́ ṣọ́ lọ.

Omi kán sórí lẹ́tà mi, gbogbo ẹ̀ sì parẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Íǹkì dye ló wà nínú ẹ̀rọ yín, ó ń yọ́ sínú omi bí aró. Pigment ò rí bẹ́ẹ̀, àwọ̀ tiẹ̀ wà bíi lẹ́búlẹ́bú tó dì mọ́ bébà. Dúdú HP Smart Tank àti ti ọ̀pọ̀ Canon PIXMA G jẹ́ pigment. Tónà lésà náà, omi ò ràn án.

Tẹ́ ẹ bá ń tẹ ìwé tí wọ́n máa fọwọ́ sí, ìwé ilẹ̀, ìwé àdéhùn, ohun tó máa pẹ́, ẹ lo pigment tàbí lésà. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n tẹ ojú ìwé kan fún yín, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ wá fi ìka tútù fa á.

Canon SELPHY ńkọ́? Ó kéré, ó sì wù mí.

Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ fọ́tò kékeré nìkan. Kò ní íǹkì olómi, ríbọ́ọ̀nù ló ń lò: bébà máa wọlé jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin, yẹ́lò, pupa, búlúù, lẹ́yìn náà ohun kan tó ń bò ó kí omi àti ìka má bà á jẹ́. CP1500 máa parí ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò sí pé íǹkì gbẹ, ẹ lè gbé e sínú dúrọ́ọ̀ láti Ọdún Àjíǹde dé Kérésì. Bébà àti ríbọ́ọ̀nù jọ ń wá pọ̀ ni, páálí RP-108 jẹ́ fọ́tò 108, kò lè lé, kò lè dín, ìṣírò ẹ̀ ò le. Àmọ́ mílímítà 100 sí 148 lòpin ẹ̀, kò lè tẹ lẹ́tà.

Ríbọ́ọ̀nù tó ti tán, ẹ má kàn jù ú sí ààtàn. Gbogbo fọ́tò tẹ́ ẹ tẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹ máa rí ojú gbogbo èèyàn. Ẹ gé e wẹ́wẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi prínítà ránṣẹ́. Ṣé kí n gbà á? Tòkunbọ̀ ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n ya fọ́tò ibi tí wọ́n kọ iná sí lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ 100–240V, kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ 110 tàbí 120V nìkan, iná tiwa 230 máa jó o, ọ̀pọ̀ lésà Amẹ́ríkà sì ni bẹ́ẹ̀ rí torí ibi tó ń gbóná nínú wọn. Tìlú Ọba kò ní ìṣòro iná, 230 ni tiwọn náà.

Íǹkì ló kù. Nọ́ńbà tó wà lára íǹkì yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀: 103 ni EcoTank tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà ń lò, ti Amẹ́ríkà lè jẹ́ 502 tàbí 522, tìlú Ọba 102 tàbí 104. Àwọn kátíríìjì kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé agbègbè tí wọ́n ti tà wọ́n ni wọ́n ń gbọ́. Kí ẹ̀gbọ́n tó sanwó, ẹ wádìí bóyá ẹ lè rí íǹkì ẹ̀ níbi tẹ́ ẹ wà. Tí wọ́n bá sì ti lò ó rí, kò gbọdọ̀ rìn pẹ̀lú íǹkì nínú táǹkì, ó máa dà.

Tòkunbọ̀ lésà, mo fara mọ́ ọn tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n tẹ ojú ìwé tó ń sọ iye tó ti tẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. HP P1102 àtijọ́ tó ń lo tónà 85A, tó ń tẹ nǹkan bí 1,600, ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ọ́fíìsì. Tòkunbọ̀ inkjet, ẹ fi sílẹ̀. Orí tó ti gbẹ nínú ọkọ̀ ojú omi, ta ló máa sọ fún yín?

Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé ink pad ti kún, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣé ó ti kú nìyẹn?

Kò tíì kú. Gbogbo íǹkì tí head cleaning ń fọ̀ jáde, inú fóòmù kan nísàlẹ̀ ẹ̀rọ ló ń lọ. Ẹ̀rọ ń kà á, tí iye tó kà bá ti pé, ó máa dúró kí íǹkì má bàa ṣàn jáde sórí tábìlì yín.

Àwọn oníṣẹ́ kan máa fi sọfítíwià tún iye yẹn kà láti òdo, wọn ò ní fọwọ́ kan fóòmù. Ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́, àmọ́ fóòmù ṣì kún, ọjọ́ kan ló kù kó dà sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yí fóòmù padà tàbí kí wọ́n fọ̀ ọ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó tún un kà. Ẹ má fúnra yín wa sọfítíwià yẹn sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ bá ṣáà ti rí i, fáírọ́ọ̀sì pọ̀ nínú wọn. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ẹ̀rọ ni, ẹ bèèrè èyí tó ní maintenance box, àpótí kékeré ni, ẹ̀yin fúnra yín lè yọ ọ́ kẹ́ ẹ fi tuntun sí i.

Mo ra HP tó ní "e" lẹ́yìn nọ́ńbà ẹ̀, ó ní àfi kí n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ló fà á?

"e" yẹn túmọ̀ sí pé ó wà fún HP+, bíi DeskJet 2720e. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ "gbà" nígbà tẹ́ ẹ ń ṣètò ẹ̀, ẹ ti gbà pé íǹkì HP gangan nìkan lẹ máa lò títí ayé ẹ̀rọ náà, àti pé ó máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún ilé tí dátà ń tán láàárín oṣù, kò bá wa lára mu. Ẹ ra èyí tí kò ní "e".

HP tí kò ní "e" pàápàá, púpọ̀ nínú wọn ní ohun tí wọ́n ń pè ní dynamic security, ó lè kọ kátíríìjì tí chip ara ẹ̀ (ohun kékeré tí ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀) kì í ṣe ti HP, èyí tó sì ń gbà á lónìí lè kọ̀ ọ́ lẹ́yìn tó bá ti ṣe update. Tó bá jẹ́ kátíríìjì olówó pọ́ọ́kú lẹ ní lọ́kàn, ẹ bi ọlọ́jà kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì lọ sínú sẹ́tíǹgì ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ pa update tó ń ṣe fúnra ẹ̀.